Àwọn Ọ̀pẹ Tí Mo Sọ Lórúkọ Àna

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá máa wọ pálọ̀ mi, kó má sọ fún mi pé ọ̀pẹ mi ń ṣàìsàn. Ó ti sú mi! Gbogbo ẹni tó bá yà sílé mi ní Lugbe níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn: "Kai, Màmá, èyí ti ń kú lọ o." Kò kú, kò sì ṣàìsàn. Ọ̀pẹ abilà ni, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn: ewé tútù, ìlà funfun gbọọrọ lára ẹ̀ bíi ti aṣọ òfì. Funfun tẹ́ ẹ̀ ń ṣàánú ẹ̀ yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ rà á.

Mùlíkàt ni mò ń jẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ ni mò ń tà. Tájù ọkọ mi, ọmọ Ìlọrin, ló ra àkọ́kọ́ nínú wọn fún mi lọ́wọ́ Thomas tó ń ta òdòdó létí ọ̀nà ní Jabi. Ọlọ́run ò fún wa lọ́mọ. Tájù wá ní ká ṣì máa tọ́ ọ̀pẹ ná. Mo bú u dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ti kú báyìí, ọ̀pẹ ẹ̀ wà níbẹ̀, èmi náà sì ti wá méjì kún un.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni o. Bí oòrùn bá bà wọ́n tààrà, ibi funfun yẹn á jó gbẹ. Bẹ́ ẹ bá sì gbé wọn sínú òkùnkùn, ìlà náà á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi ẹ̀rọ, màá pọn ọ́n kalẹ̀ kó sùn kí n tó bu ú fún wọn. Tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku Abuja bo gbogbo ilé, màá fi aṣọ tútù nu ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màrìwò tó bá ń yọ láàárín, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án, torí bó bá ṣẹ́ pẹ́nrẹ́n, igi yẹn ò ní ga mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ àná. Ọkọ ni gbogbo wọn. Nígbà tí mo wọ ilé wọn ní Ìlọrin, mo sọ wọ́n lórúkọ bó ṣe yẹ. Gafar tó ga, mo pè é ní Agùntáṣọọ́lò. Habeebah, Ìbàdíàrán. Rahmah, àbíkẹ́yìn wọn, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n, eyín ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, mo pè é ní Eyínfúnjowó.

Nígbà tí Tájù kú, wọ́n wá, wọ́n ṣe fìdáù, wọ́n lọ. Ìyẹn náà ni. Mi ò bá wọn jà, wọn ò bá mi jà, ìpè kàn dákẹ́ ni. Orúkọ ń bẹ lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tí mo máa fi pè. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bomi fún èyí tó ga jù, mi ò mọ̀gbà tí mo ní, "Agùntáṣọọ́lò, ó tó ẹ àbí kò tó ẹ?" Mo rẹ́rìn-ín títí, mo tún wá sunkún. Bí gbogbo wọn ṣe gborúkọ nìyẹn. Èyí tó funfun jù, òun ni Eyínfúnjowó.

Ẹ wò ó, ará Ìlọrin kan ló wá sọ fún mi lọ́jà pé Rahmah ti wà ní Bwari, pé ó ń kọ́ iṣẹ́ amòfin. Bwari! Ibi tí mo lè lọ kí n sì padà wálé wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán! Ó dùn mí wọnú eegun. Mo gba nọ́ńbà ẹ̀, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Bí mo bá ṣì jẹ́ ìyàwó yín, ẹ wá jẹun lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú." Mo ti pinnu nínú ara mi pé bí kò bá wá, mi ò ní ilé ọkọ mọ́ láyé yìí.

Ó wá. Ó ti di ọmọge, ìjáàbù ẹ̀ balẹ̀ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ, ló bá ń fà mí dìde, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó jókòó sétí àga. Mo béèrè ìwé, ó ní ìwé ń lọ. Mo béèrè ará ilé, ó ní wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ tán. Mo sá lọ sí kíṣìnnì lọ bu ìrẹsì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí atẹ́gùn ká kọ́tìnì sókè, tí oòrùn sì bọ́ sára ewé funfun. Mo pariwo, "Eyínfúnjowó! Ṣé oòrùn ò ti máa jó ẹ báyìí?"

"Mà?" Rahmah dáhùn láti pálọ̀. "Rárá, mà, kò jó mi."

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Mo jáde sí i, ojú ń tì mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀pẹ ni mò ń bá wí."

"Ọ̀pẹ ló ń jẹ́ orúkọ mi?"

"Ta ni kí n máa fi pè? Ṣé ẹ wà níbí ni?"

Ó wo ọ̀pẹ, ó wò mí. Ó ní, "Bùọ̀dá Gafar ńkọ́?" Mo nawọ́ sí igun ilé. "Àǹtí Habeebah?" Mo nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rín pa á, ẹ̀rín yẹn ló di ẹkún.

Ó ní, "Wọ́n sọ fún wa pé ẹ ti lọ́kọ míì."

"Ọkọ wo? Ẹ bá mi wò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bóyá ó wà níbẹ̀!"

Ló bá fa fóònù yọ, ó pe Gafar, ó gbé ohùn ẹ̀ síta kí n lè máa gbọ́. "Bùọ̀dá, ẹ bá mi yọ̀. Ilé ìyàwó wa ni mo wà l'Abuja."

Ohùn Gafar gba gbogbo pálọ̀. "Ìyàwó wa? Ìyàwó wo?"

Mo jókòó. Ẹni tí mo ti fọ aṣọ ẹ̀ rí, tó ti sùn nílé mi rí, òun ló ń béèrè ìyàwó wo.

Rahmah ò wo ojú mi. Ó sún mọ́ fóònù, ó ní, "Ìyàwó tèmi. Èyí tó pọ̀n mí."

Gafar ní, "Ẹn-ẹ́n." Ó ní òun máa pè padà.

Kò pè. Rahmah ní nẹ́tíwọ̀kì ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún mi nílé ọkọ mi, ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú mi, ó ní ṣé kò sí wàrà Ìlọrin tí òun máa fi jẹ ìrẹsì nílé ni, bí ọkọ ṣe ń béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó.