Ara Ti Yá

Ara ti yá! Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́ẹ́ ba ẹjọ́ Àsàmáù onídìrí jẹ́ ní kóòtù Ìkàrẹ́, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló sì ti jáde.

Ìṣó ló kọ́kọ́ gún un lẹ́sẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ l'Ọ́kà. Ìṣó tó ti dógùn-ún kì í ṣe ohun àfiṣeré, ló bá lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Safinat, nọ́ọ̀sì tó gún un, ń kánjú. Dípò kó gún un níbi tí ẹran apá gbé pọ̀, òkè téńté èjìká ló gún un sí. Oògùn náà ò ṣe é ní nǹkan kan o. Ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀ ló di wàhálà. Láti ọjọ́ náà ni apá ọ̀tún rẹ̀ ò ti ṣeé gbé sókè mọ́. Onídìrí tí ò lè gbé apá, kí ló kù tó ń jẹ́ onídìrí? Dókítà ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ agbára ìdílé ò ká a.

“A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́,” ni Kareem ọkọ rẹ̀ wí.

“Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n bá mi ṣe nìyẹn?” Ó gba ọ̀dọ̀ Adégbóyèga lọ́yà lọ.

Ẹjọ́ ń lọ dáadáa títí lọ́yà ilé ìwòsàn fi dìde. Ó ní lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, Safinat gbé ọsàn lọ kí ìyá yìí nílé. “Ó bi yín bóyá ara ti yá. Kí lẹ sọ?”

Àsàmáù ti fi Kùránì búra. “Mo ní ara ti yá.”

“Ó tán.” Lọ́yà jókòó.

Háà! Ẹ gbà mí! Ọmọ ọlọ́mọ gbé ọsàn wá kí ẹ, ó kúnlẹ̀, ó ní ṣé ara ti yá. Kí lo fẹ́ wí? Wàá ní kò yá? Níbo ni wọ́n ti kọ́ ẹ? Ẹni tó ń kú lọ gan-an á ní a dúpẹ́! Ṣùgbọ́n Àsàmáù rí i pé bí apá òun ṣe máa wà títí ikú nìyí, ó sì kórìíra ẹnu ara rẹ̀.

Lọ́yà yẹn pe Safinat kó wá jẹ́rìí sí i. Ọmọbìnrin náà ò gbójú sókè. “Wọ́n ní Alhamdulillah, ara ti yá.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ lè máa lọ.”

Safinat ò lọ. “Ṣùgbọ́n nígbà tí mo na ọsàn sí wọn, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbà á.” Ó gbójú sókè wo adájọ́. “Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú. Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ ń bẹ̀ mí torí ọwọ́ òsì! Olúwa mi, ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣe wọ́n léṣe. Ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi ló pa mí lẹ́nu mọ́.”

Adájọ́ rọra gbé bírò sílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fún wọn ní ìsinmi díẹ̀ tí onílé ìwòsàn fi ránṣẹ́ sí Adégbóyèga pé àwọn á san owó iṣẹ́ abẹ àti ti iṣẹ́ tí ìyá pàdánù, kí wọ́n má jẹ́ kó di ìdájọ́. Kareem ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti rí.

Níta, Safinat kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. “Mà, báwo lara?”

Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu sáré wá sẹ́nu Àsàmáù. Ó gbé e mì.

“Kò yá, ọmọ mi. Kò fìgbà kan yá. Ó ń dùn mí gan-an.” Omijé dà lójú rẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, ó fi fa ọmọ náà dìde, kò sì bẹ̀ ẹ́.