Irin inú gbòǹgbò eyín Màrúfátù

Nígbà tí Màrúfátù rí inú eyín ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rò pé eyín ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi han òun. Ẹ̀rọ kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́ẹ́, kò fọwọ́ kàn án, kò ta á lára, àfi bí ó ṣe ń kùn bí oyin. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí àwòrán fi yọ lójú kọ̀ǹpútà. Eyín kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó tóbi tó fèrèsé, gbòǹgbò rẹ̀ méjèèjì sì là sísàlẹ̀ bí ti ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu.

Dókítà Huguette, obìnrin tí kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, tí ó ń tọ́jú eyín ní Pobè, fi ìka kan gbòǹgbò kan.

“Màmá, ẹ wo ibí yìí. Ẹ rí nǹkan funfun tí ó dúró gbọnrangandan yìí? Irin ni.”

“Irin wo?”

“Irin tín-ínrín tí a fi ń fọ inú gbòǹgbò eyín. Ó kán sínú rẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ọyún fi ń pọ̀ sí i nísàlẹ̀.”

Nafissath, ọmọ Màrúfátù, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Pobè, tí ó sì ti ń bẹ̀ ẹ́ láti bí oṣù mẹ́ta pé kó wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ń wú lemọ́lemọ́ han dókítà, ló béèrè bóyá irin náà lè bá oúnjẹ wọlé.

“Rárá o,” ni dókítà wí. “Kò sí oúnjẹ tó lè gbé irin débẹ̀. Ẹni tó bá fi irinṣẹ́ wọ inú gbòǹgbò nìkan ló lè fi í síbẹ̀. Ẹ tún wo òkè rẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan dí i pa. Ó ṣòro kí ẹni tó ṣe é má mọ̀ pé ó kán.”

Kì í ṣe irin ló ba Màrúfátù lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ mú wá ló já a láyà, torí ọdún mẹ́fà gbáko ló ti fi gbà pé oúnjẹ ló ṣe òun, ó sì mọ orúkọ ẹni tó se é.

Flavienne lorúkọ onítọ̀hún. Ará Aguidi ni, àwọn èèyàn ń pè é ní Ìyá Pacôme. Gàrí rẹ̀ ni Màrúfátù ń tà lọ́jà Sakété fún ọdún mẹ́rìnlá. Flavienne á yan án ní Aguidi, á gbé e wá lọ́jọ́ ọjà, á sì jókòó ti Màrúfátù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ọ̀kan bá fẹ́ kírun tàbí kó wá omi mu, èkejì ní í bá a wọn gàrí fún oníbàárà.

Lọ́jọ́ kan, Flavienne gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá sọ́jà. Màrúfátù jẹ méjì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú débi tí kò lè la ẹnu. Bẹ́ẹ̀, kò tíì ju oṣù kan lọ tí ọkùnrin kan tí ó gba yàrá ní òdìkejì ààlà orílẹ̀-èdè ti tọ́jú eyín náà fún un. Ọkùnrin yẹn ní òun ti fọ inú rẹ̀ tán, pé kò ní dùn ún mọ́ láéláé. Lóòótọ́ ni kò sì dùn ún fún odidi oṣù kan. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, Màrúfátù ò ronú kan eyín rárá. Obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ béèrè pé, “Ta ló fún ẹ ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ yẹn ná?” Ìbéèrè yẹn ti tó.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó lọ dúró níwájú Flavienne, lójú gbogbo èèyàn. “Kí lo fi sínú oúnjẹ tí o fún mi?”

Flavienne di tóńgóló tí wọ́n fi ń wọn gàrí mú, gàrí sì kún inú rẹ̀. Kò dà á, kò gbé e sílẹ̀. “Ìyá Nafi, èmi náà jẹ nínú rẹ̀,” ló sọ, kò fi kún un. Láàárín oṣù méjì, kò sẹ́ni tó ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ní Sakété. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ita-Djèbou.

“Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Dókítà ń bá a sọ̀rọ̀. “Mo ní a lè gbìyànjú láti yọ ọ́ lónìí.”

Ó mi orí pé kí wọ́n yọ ọ́.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ kú. Wọ́n ta rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ẹnu rẹ̀, eyín kan yẹn nìkan ló yọrí. Dókítà fa awò ńlá kan sún mọ́ ojú ara rẹ̀, irú èyí tí ń sọ ohun tí kò tó nǹkan di ràbàtà, ohun tí dókítà sì ń rí ni Nafissath náà ń rí lójú ẹ̀rọ kan lára ògiri. Ó wá mú irin kan tí ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n kíákíá ju bí ojú ti lè rí. Ó fi ń gbọ̀n ẹ̀gbẹ́ irin tó há náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi omi ṣàn án, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí kan. Màrúfátù ń wo òrùlé. Kò sí ìrora rárá, bẹ́ẹ̀ omijé ń ṣàn wọ etí rẹ̀.

“Ó ti fò jáde,” ni Nafissath wí jẹ́jẹ́.

Wọ́n gbé e sórí bébà funfun fún un kó wò ó. Kò gùn tó irun ìpéǹpéjú. Màrúfátù tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi ń dùn ún. Ohun tí ó kéré tó báyìí ni òun torí rẹ̀ lé èèyàn kúrò lọ́jà.

Dókítà fọ gbòǹgbò náà, ó fi oògùn sí i, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí òun dí i. Màrúfátù ká bébà náà sínú ike oògùn òfìfo, ó ní àwọn ń yà ní Aguidi.

“Ẹnu yín ò tíì jí, Màmá,” ni Nafissath wí. “Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la.”

“Bá mi pe kẹ̀kẹ́nọ̀ méjì.”

Nígbà tí àwọn ọlọ́kadà náà gbé wọn dé Aguidi, ìdí agbada ni wọ́n bá Flavienne, ó ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà, èéfín bo ojú rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó wo Màrúfátù láti orí dé ẹsẹ̀, kò dá ọwọ́ dúró.

Màrúfátù kúnlẹ̀ sínú èérún ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀, ètè rẹ̀ wúwo, ó ń rọ itọ́, àmọ́ ó sọ ọ́ tán: ẹ̀rọ, àwòrán, irin, ọkùnrin òdìkejì ààlà. Ó ṣí ike náà.

Flavienne wá dá ọwọ́ dúró. Ó tẹ̀ wo inú ike náà pẹ́ títí, gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jóná nínú agbada, kò sì kíyè sí i. Nafissath ló fà á kúrò lórí iná.

“Mo rò pé èmi ni,” ni Flavienne wí.

Màrúfátù gbé ojú sókè.

“Ọwọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí ni mo ti ra ẹ̀wà yẹn. Nígbà tí o wá bá mi lọ́jà, mo ní bóyá wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí i, bóyá n kò fọ̀ ọ́ dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn n kò se ọ̀lẹ̀lẹ̀ mọ́. Bí àlejò bá wá sílé mi, ọmọ mi ní í dáná. Ọdún mẹ́fà, Ìyá Nafi. Mo rò pé mo fẹ́ẹ̀ pa ọ́.”

Màrúfátù ti múra sílẹ̀ fún èébú, ó ti múra sílẹ̀ pé wọ́n lè lé òun jáde. Kò ronú rí pé ẹni tí òun fẹ̀sùn kàn lè gba ẹ̀sùn náà gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀ pátápátá.

“Dáríjì mí,” ló sọ.

“Má bẹ̀ mí lónìí,” ni Flavienne dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ kò le, àmọ́ kò rọ̀. “Ara mi ò tíì gbà á. Lọ sọ ọ́ lọ́jà ná.”

Ó sọ ọ́. Lọ́jọ́ ọjà, ó dúró láàárín àwọn onígàrí, ó sọ pé òun parọ́ mọ́ Ìyá Pacôme, irin ló kán sí òun lẹ́nu. Àwọn kan pòṣé. Àwọn kan ní kí ló ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Obìnrin aláta dorí kodò, ó ń ṣa ata tó ti ṣà tẹ́lẹ̀.

Flavienne ò padà sí Sakété. Ó ti ní oníbàárà tirẹ̀ ní Ita-Djèbou. Àmọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́nọ̀ kan já àpò gàrí méjì sílẹ̀ níwájú Màrúfátù, láìsí ìkíni kankan. Màrúfátù tà á, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó rà á pé gàrí Ìyá Pacôme ti Aguidi ni. Òmíràn dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn àpò kẹfà ni fóònù rẹ̀ dún.

“Ìyá Nafi, ṣé gàrí yẹn ń tà?”

“Ó ń tà.”

Màrúfátù ń gbọ́ bí igbá ṣe ń ha agbada lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó pa fóònù nínú wọn.