Ọdún Méjìlá Tí Wọ́n Bù Lára Ọjọ́ Orí Yéjídé

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, gbọ́ o. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o bù lára ọjọ́ orí rẹ, sá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ti Yéjídé kò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ ru gbágùúdá láti Okpomèta lọ sọ́jà Kétu. Ọ̀gá Cyriaque, tó ń kọ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje, rí i bó ṣe ń fi àwọn ọkùnrin sílẹ̀ lẹ́yìn lójú ọ̀nà. Ó gbé kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìjánu fún un, irú èyí tí wọ́n ń gùn yípo pápá: bí táyà bá ń yí, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí. Yéjídé dá ẹsẹ̀ dúró bí ìṣe rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ jù ú sínú iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ó dìde. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí obìnrin tó lè bá a mọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n fẹ́ mú àwọn kan lọ sáré ìje lókè òkun, wọ́n ní ẹni tó bá ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ kò lè bá wọn lọ. Yéjídé kò ní ìwé ìbí. Ìyá rẹ̀ lọ búra nílé ẹjọ́ pé ọdún méjìlélógún sẹ́yìn lòun bí i. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá jọ ń jẹun, Yéjídé kì í lè wojú ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ìrìn àjò kù dẹ̀dẹ̀, Cyriaque wá kí àwọn ará ilé. Félicité, àbúrò Yéjídé tó jẹ́ tíṣà ní Kétu, ló gbà á lálejò. Wọ́n ti kọ́ ọ lóhun tó máa sọ.

"Ẹni ọdún mélòó ni ọ́?" ni Cyriaque bi í.

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọ̀gá."

"Ìwọ lẹ̀gbọ́n nìyẹn. O ò gun kẹ̀kẹ́ ní tìrẹ?"

"Kẹ̀kẹ́ kẹ̀? Kí n wò ó lásán, ó ti rẹ̀ mí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni Yéjídé wọlé, òógùn bò ó. Félicité bu omi, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dìde, ọmọ dáadáa." Yéjídé ti mu omi náà dé ìdajì kí ara rẹ̀ tó fu ú.

Cyriaque kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni mí o, mo mọ àṣà wa. Ìgbà wo lẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ fún àbúrò?"

"Àwàdà ni, ọ̀gá," ni Félicité wí. Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà.

Ojú ti Yéjídé, ó ṣe é bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ọmọ tí òun pọ̀n dàgbà ló ń purọ́ lórí orúnkún nítorí òun. Ó gbé ife kalẹ̀.

"Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí."

Cyriaque bọ́ fìlà, ó tún un dé. "O ò lè lọ mọ́ nìyẹn." Ó yíjú sí i. "Ta ló búra?"

Nínú ilé ìdáná, odó tí ìyá wọn ń gún dákẹ́ lójijì.

Yéjídé wolẹ̀. "Mo ti sọ tèmi, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́. N ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."