Báàsì Tó Ń Dún Bí Igi

Bàbá Ṣàíbù ní òun kò ní kọrin. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ, ó na ọwọ́ sí ife tíì rẹ̀.

"Èyí ń dún bí agogo ilé-ẹ̀kọ́," ló wí. "Igi ni mo fẹ́ gbọ́."

Moyọ̀sọ́rẹ gbé ọwọ́ kúrò lára jìtá báàsì rẹ̀. Okùn tó ta kẹ́yìn ṣì ń dún lọ wíín, wíín, kò tètè dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Bàbá Ṣàíbù. Ó ti ń kọ orin háíláìfù láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, àmọ́ àwo orin rẹ̀ kan ṣoṣo kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Tìmílẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta jìtá tó sì ní ẹgbẹ́ olórin, ló bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn gba orin mẹ́fà sílẹ̀ kí ó tó gbàgbé wọn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa lọ gbà á. Moyọ̀sọ́rẹ ni ó pè láti ta báàsì.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá béèrè. Láyé ìgbà tirẹ̀, Jíbrílù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń ta báàsì onígi fún un, irú èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tí ẹni tó ń ta á máa ń dúró tì. Jíbrílù ti kú. Ikán ti jẹ báàsì náà tán nínú yàrá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ni ohùn bàbá mọ̀. Ó ní bí òun kò bá gbọ́ ọ, òun kò mọ ibi tí òun yóò fi ẹsẹ̀ lé.

Tìmílẹ́yìn ní kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ti kó irú ohùn bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀. Bàbá ti gbọ́ ọ rí. Ó ní fọ́tò ọ̀rẹ́ òun ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́ òun, àmọ́ fọ́tò náà jọ ọ́ díẹ̀.

"Títí di Ọjọ́bọ̀, Àǹtí Moyọ̀," ni Tìmílẹ́yìn wí. "Tí kò bá bọ́ sí i, mà á fi kíbọ́ọ̀dù ta báàsì náà fúnra mi. Ẹ má bínú. Ṣé ẹ rí i, ohùn tí bàbá ń wá, ohùn tó ní ẹ̀mí ni. Ó gbóná. Ó ń mí. Ó dà bí ìrántí nǹkan tó ti lọ."

Moyọ̀sọ́rẹ wò ó. "Ìka wo ni wọ́n fi ń ta ìrántí?"

"Àǹtí, mo kàn ń ṣàpèjúwe ni."

"Sọ èyí tí ọwọ́ lè ṣe fún mi. Tí kò bá sí, dákẹ́."

Kì í ṣe pé ó kórìíra Tìmílẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ dídùn ni kò gbà gbọ́. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, ó ń ta bọ́tìnnì àti síìpù ní Ìdúmàgbò, kò sì sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ ní báàsì. Ọkùnrin tó ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló rìnrìn àjò tí kò padà, jìtá náà sì dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún ọdún méjì gbáko. Moyọ̀sọ́rẹ gbé e. Ó ń wo ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ta lórí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń pa ohùn fóònù náà nítorí oníbàárà. Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́, kó tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ náà ń sọ. Ọdún kẹrìnlá rèé. Láàárín gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni lóde ṣọ́ọ̀ṣì kò pè é rí. Eléyìí ni àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ ẹ. Kò tan ara rẹ̀ jẹ: ó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí ara orin tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó yíjú sí bàbá. "Ẹ dákun, bàbá, ibo ni Bàbá Jíbrílù máa ń fi ọwọ́ sí?"

Bàbá Ṣàíbù gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ ti ilẹ̀, ó fi orí rẹ̀ ti èjìká. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí òkè, kò gbé e sí ìsàlẹ̀. "Níbí, ibi tí ọrùn ti fẹ́ parí. Ẹ̀gbẹ́ ìka ló ń fi ta á, ibi tí ẹran pọ̀ sí. Kì í fi orí ìka ta á bí ẹ̀yin."

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Gbùn." Bàbá dúró díẹ̀. "Gbùn. Gbùn. Àkọ́kọ́ á ti kú kí èkejì tó dé. Tìrẹ kì í kú. Ó ń lé ara rẹ̀ kiri."

"Okùn wọn ńkọ́, ìgbà mélòó ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Pààrọ̀ kẹ̀? Okùn tó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á ni ikán bá níbẹ̀. Ó ní okùn tuntun a máa ké bí ọmọ tuntun, òun ò sì lè máa gbé ọmọ jó lórí ìtàgé."

Moyọ̀sọ́rẹ wo okùn ara jìtá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ó ra okùn tuntun mẹ́rin. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, ló kọ́ ọ pé a kì í wọ àkísà lọ síwájú àgbà, ohun tó bá dára jù lọ ni a ń gbé lọ. Ó ti tú okùn ọlọ́dún mẹ́fà kúrò, ó ti nu jìtá náà títí ó fi ń dán bí ojú dígí, ó sì gbé e wá fún bàbá bí ẹni gbé aṣọ tuntun wọ̀. Ọ̀wọ̀ tó bù fún àgbà ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Àmọ́ nígbà tó ń fi jìtá kọ́ èjìká kọjá lẹ́yìn Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Àṣìṣe tí èèyàn bá ti mọ ibi tó wà, ó ṣeé tún ṣe.

Okùn àtijọ́ ọ̀hún wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tirẹ̀, lọ́dọ̀ Memunat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta híjáàbù. Moyọ̀sọ́rẹ ti fi ta á lọ́rẹ, Memunat sì ti fà á láti ògiri dé ògiri, ó kó híjáàbù kọ́ sí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Moyọ̀sọ́rẹ dúró níwájú rẹ̀. "Memu, mo fẹ́ gba okùn mi padà."

"Okùn wo? Èyí tí híjáàbù ogójì wà lórí ẹ̀ yìí?"

"Òun náà."

"Àná lo fún mi."

"Mo mọ̀. Mà á fún ọ ní tuntun dípò ẹ̀."

Memunat wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Tuntun lo fẹ́ fi gba ògbólógbòó. Ṣé kì í ṣe ibà ló ń ṣe ọ́?"

"Kì í ṣe ibà."

"Àbí wọ́n ti gbààwẹ̀ pa ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

"Memu, kó híjáàbù ẹ sílẹ̀."

Memunat ń kó o sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá wo obìnrin tó ń fi tuntun ṣe pààrọ̀ àlòkù. Okùn mẹ́ta bọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìkẹrin, èyí tó nípọn jù lọ, ti kúrú.

"Mo gé e ni," Memunat wí. "Ó gùn ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ṣé mo mọ̀ pé o máa wá gbà á ni?"

Moyọ̀sọ́rẹ kò bá a jà. Ó fún un ní tuntun mẹ́ta, ó mú ẹyọ kan tó kù padà. Ó bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra okùn tuntun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ gbá eruku abẹ́ tábìlì jọ, ó fi kún un, ó sì ń fi àkísà rọ ọ́ wọ inú. Ó ta á: wíín. Ó tún fi òrí ra á. Ó di ọ̀sán kí okùn yẹn tó gbà pé òun ti dàgbà.

Ìdí jìtá ló kàn, níbi irin tí okùn sinmi lé. Ó mú ọ̀kan nínú fóòmù tí àwọn aránṣọ ń fi sí èjìká kóòtù, tí òun fúnra rẹ̀ ń tà, ó tì í bọ abẹ́ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ta á. Kò dún rárá, ó ń ṣe gbì gbì bí ẹni tó ń lu tìmùtìmù. Ó fi sísọ́ọ̀sì bó fóòmù náà ní ìpele kan. Ó tún bó o. Fóòmù méjì ló bàjẹ́ kó tó rí èyí tó tinrín dé ìwọ̀n, tí ohùn fi ní orí tí kò ní ìrù.

Obìnrin kan tó wá ra síìpù gbọ́ ọ, àánú sì ṣe é. "Ìyá Bọ́tìnnì, nǹkan yín ti bàjẹ́ o. Kò dún dáadáa mọ́."

"Kò bàjẹ́," Moyọ̀sọ́rẹ wí. "Ínǹṣì mélòó ni síìpù?"

Gbogbo èyí rọrùn. Ọwọ́ ni kò rọrùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí àlàfo bá wà, báàsì gbọ́dọ̀ sáré dí i, ọdún mẹ́rìnlá sì ni ọwọ́ rẹ̀ fi kọ́ eré yẹn. Ó bá gé téèpù aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, ó fi di ìka ọ̀tún mẹ́ta pọ̀, ó wá ku àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lọ sí òkè, ibi tí ọrùn jìtá ti pàdé ara, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ta á. Ó fi fóònù gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́tí sí i. Ohùn náà ti ń kú, àmọ́ ó ṣì ń dún bí irin níbẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú ni ó rí i. Gbogbo àwọn tó wò lórí fóònù ló ń tẹ okùn sí ẹ̀yìn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá. Òun tẹ̀ ẹ́ sí orí irin gan-an, ẹran ìka sì bo irin mọ́lẹ̀. Gbùn. Ó tún ta á. Gbùn. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló ta á.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Tìmílẹ́yìn yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti wú, tí omi ti gbára jọ sábẹ́ awọ rẹ̀.

"Àǹtí, kò sí ìjà níbẹ̀ o. Tí kò bá ṣeé ṣe, a máa kọ orúkọ yín sáàárín àwọn tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Mi ò ṣe nǹkan tí wọ́n fi ń dúpẹ́. Báàsì ni mò ń ta."

"Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni."

"O ti sọ ọ́. Bàbá ni kó wí, kì í ṣe ìwọ."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tìmílẹ́yìn ti to kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sí igun, ó ti tan iná rẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ jókòó, ìka ọ̀tún rẹ̀ mẹ́ta ṣì wà nínú téèpù, ó dín ohùn tó mú kù lára jìtá títí kò fi sí nǹkan tó ń dán nínú rẹ̀ mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin, mẹ́rin, bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò kánjú. Bàbá Ṣàíbù tẹ orí ba. Kò mira. Kò pàtẹ́wọ́. Moyọ̀sọ́rẹ ta á yípo lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

"Kì í ṣe Jíbrílù," ni bàbá wí níkẹyìn.

Tìmílẹ́yìn dìde lọ sídìí kíbọ́ọ̀dù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," Moyọ̀sọ́rẹ wí, kò sì dẹ́kun títa. "Mi ò mọ̀ wọ́n, n kò sì lè jẹ́ wọn. Jìtá sì ni eléyìí, kì í ṣe igi. Àmọ́ ó ń kú lásìkò. Ẹ kọrin sí i. Tí ẹ ò bá rí ibi tí ẹ máa fẹsẹ̀ lé, mà á gbé e, mà á lọ ilé."

Tìmílẹ́yìn dúró. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ sí bàbá báyẹn nínú ilé yẹn. Bàbá gbé ojú sókè, ó wo obìnrin náà, ó wo àtàǹpàkò rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ orin. Kò bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Ó jẹ́ kí gbùn kan kọjá, ó wá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ bí àwọn àgbà olórin ṣe máa ń ṣe. Moyọ̀sọ́rẹ mọ̀ pé òun ni ó ń dán wò. Ní ìparí ìlà kejì, bàbá dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Àlàfo náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìka rẹ̀ tí ó dì sì ń jà nínú téèpù láti sáré wọ ibẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Gbùn. Gbùn. Gbùn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan dé, ó kú, ó fi àyè sílẹ̀. Bàbá wọlé sínú àyè náà pẹ̀lú ohùn kan tí Tìmílẹ́yìn kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn tó rọ̀, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kọ orin náà dé òpin. Ó tún ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní kó tún un kọ.

Nígbà tó parí, awọ àtàǹpàkò Moyọ̀sọ́rẹ ti bẹ́, omi rẹ̀ ti ṣàn sára okùn.

"Ìlà kẹta," bàbá wí, "o yára."

"Mo gbọ́ ọ, bàbá. Mà á tún un ṣe."

"Jíbrílù náà máa ń yára níbẹ̀. Mo máa ń bú u." Ó mu díẹ̀ nínú tíì rẹ̀ tó ti tutù. "Kí ni orúkọ rẹ, èyí tó pé?"

"Moyọ̀sọ́rẹ Fátúnlá."

"Tìmílẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀. Báàsì. Kí o pa nǹkan tó wà ní igun yẹn, iná rẹ̀ ń gún mi lójú."

Tìmílẹ́yìn pa á. Ó ní bóyá kí àǹtí sinmi ìka, kí wọ́n fi àwọn orin yòókù dánra wò lọ́la.

"Orin mélòó ló kù?" Moyọ̀sọ́rẹ béèrè.

"Márùn-ún."

Ó gé téèpù kúkúrú kan, ó fi wé àtàǹpàkò rẹ̀, ó ta okùn kan wò. Téèpù náà mú kí ohùn ọ̀hún tún rọ̀ sí i. Ó tún un ta kó lè dá a lójú, ó sì mi orí sí bàbá pé òun ti ṣe tán.