Sàréè Ọmọ ní Wolkersrain

Tóbi gbé fóònù sókè kí ìyá rẹ̀ lè rí òkè náà dáadáa.

"Mọ́mì, ẹ wo castle yẹn! Ó ti wó, but wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀ láti seven hundred years."

Monísọ́lá jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná wọn ní Conyers, ní Amẹ́ríkà, aṣọ iṣẹ́ òru ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti mọ òkìtì òkúta yẹn kí wọ́n tó bí Tóbi. Ó ti fi oyún gun òkè náà nínú yìnyín, nígbà tí Olúkáyọ̀dé ọkọ rẹ̀ ń la pákó ní Wolkersrain, abúlé kékeré kan láàrin àwọn òkè ilẹ̀ Jámánì, tí àwọn méjèèjì ń gbé yàrá kan lókè ilé ọlọ. Iṣẹ́ ló gbé Tóbi dé Jámánì lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó yà ní abúlé náà fún ohun kan ṣoṣo: kó ya fọ́tò sàréè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí wọn, tó kú níbẹ̀ ní ọmọ oṣù mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n afẹ́ ti wọ Tóbi lára. Ó fi ilé ọlọ hàn án. Wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìwòran. Ó fi igi ńlá tí àwọn àgbà ìlú ti ń dájọ́ lábẹ́ rẹ̀ hàn án. Ó ka pátákó ìtàn: ogun sun abúlé náà, àjàkálẹ̀ àrùn gbá a, wọ́n tún un kọ́. Ó wá dúró níwájú ààrò gbogbo ìlú.

"Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní turn tiẹ̀ láti yan búrẹ́dì, Mọ́mì. Ẹ wo—"

"Ṣé búrẹ́dì ni mo rán ọ?"

"Sorry, ma. Mo ń lọ."

Ó wọ itẹ́ òkú. Ìyá rẹ̀ ń tọ́ ọ sọ́nà: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ẹ̀rọ omi, òkúta funfun kékeré kan. Tóbi wò yíká.

"Mọ́mì, kò sí nǹkan kan níbí o. Koríko ni."

Ìyá arúgbó kan ń pọn omi tí yóò bu sí òdòdó níbẹ̀. Monísọ́lá dá a mọ̀: Clara ni, aládùúgbò wọn nígbà náà. Èdè Jámánì ti dínkù lẹ́nu Monísọ́lá, ṣùgbọ́n ohun tí Clara sọ yé e. Ní abúlé àwọn, bí yàrá tí a háyà ni sàréè rí. Bí ọdún rẹ̀ bá pé tí ẹbí kò tún un gbà, wọ́n á gbé òkúta kúrò. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ òkúta náà fún odidi ọdún kan, kò sẹ́ni tó yọjú. Ọ́fíìsì abúlé wá pe Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan ló gbé fóònù. Ó ní kí wọ́n gbé òkúta náà kúrò.

Monísọ́lá gbé fóònù dání, ó já wọ pálọ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń wo eré ìje ọkọ̀ ní Hampton lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá Tóbi, ta ló sọ fún àwọn ará Wolkersrain pé kí wọ́n hú òkúta ọmọ mi?"

Olúkáyọ̀dé kò yíjú. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin!"

"Ìyá Tóbi, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí o máa wẹ̀yìn. Nítorí tìẹ ni."

"Nítorí tèmi? Nílé, àwọn àgbà àdúgbò ni ì bá gbé ọmọ náà lọ, wọn ì bá fi ibẹ̀ pamọ́ fún mi. Ta la ní ní Wolkersrain? Ẹ̀yin lẹ gbé pósí, èmi ni mo tẹ̀lé yín. Èmi ti rí i! Ṣé ẹni tó ti rí nǹkan lẹ fẹ́ sọ fún pé kó má rí i mọ́? Ọdọọdún ni mo ń bi yín bóyá ibẹ̀ wà dáadáa. Ẹ ní Ọlọ́run ń ṣọ́ ọ. Koríko ni Ọlọ́run ń ṣọ́!"

"Rọra, ọmọ ń gbọ́."

"Kó gbọ́! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Ohùn Tóbi jáde láti inú fóònù. "Mọ́mì, Màmá Clara ní òkúta nìkan ni wọ́n gbé. Ọmọ yẹn ṣì wà níbẹ̀, wọn ò tíì sin ẹlòmíràn síbẹ̀. Mo lè sign pé ká tún ibẹ̀ gbà, but ọ́fíìsì máa tó close."

"Tóbi, má fọwọ́ sí nǹkan kan," ni bàbá rẹ̀ wí.

Òbí méjì, ọmọ kan láàrin wọn.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?" ni Monísọ́lá bi í.

"Ẹ̀yin ni, ma." Ó mí kanlẹ̀. "Daddy, ẹ má bínú, sir. Màá sign. Orúkọ wo ni kí n ní kí wọ́n kọ?"

Monísọ́lá na fóònù sí ọkọ rẹ̀ lójú.

"Ẹ sọ fún un. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ."

Olúkáyọ̀dé yíjú kúrò níbi tẹlifíṣọ̀n, ó tẹrí sí fóònù.

"Joanna. Joanna Ìbídùn."

Àánú rẹ̀ kò ṣe Monísọ́lá rárá. Ó fa fóònù padà.

"Ṣé o gbọ́? Ó yá, sáré, kí wọ́n tó tilẹ̀kùn."