Àgbá Omi Àwáwù

Inú àgbá búlúù kan, èyí tí wọ́n fi kó oògùn kòkòrò wá sí oko tábà, ni Àwáwù ìyàwó mi tọ́jú omi ìsọmọlórúkọ sí. Wọ́n ti fi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti fín in léèéfín bí wọ́n ti ń ṣe sí ìkòkò omi tuntun. Lójú tiwa ní Àgọ́-Àrẹ, ó ti mọ́ nìyẹn. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà le. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko làwọn obìnrin fi pọnmi lódò kí àgbá tó kún.

Àsíátù, ìyàwó ọmọ mi Mọ́nsúrù, ló bímọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bí ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àyà mi ń já lórí ọmọ yìí, mi ò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi omi náà wẹ ọmọ, ni Jẹ́ẹ́dé wolé-wolé yà, ọkùnrin tí kì í rí ìkòkò onílé kó má yọjú sí i. Ó rí àgbá, ó ní ká má fọwọ́ kan omi inú rẹ̀. Inú bí mi. Mo bi í pé ta ni irú omi bẹ́ẹ̀ ti pa rí. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní ṣé òfin dárúkọ oògùn náà ni. Ó ní kò tíì sí níbẹ̀. Òun lè bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n èsì á tó oṣù kan. Ni Àwáwù bá bomi fún adìẹ lójú wa. Adìẹ mu ún tán, ó ń jẹ̀ kiri. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Àsíátù tó gbá ọmọ mọ́ àyà.

Mo ní, “O ò mọ̀, adìẹ ò kú, o wá ní ká dà á nù?”

Jẹ́ẹ́dé ní, “Bàbá, àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Ááfà ti jókòó, àlejò ń wọlé, kò sì sí omi mìíràn, ì báà ṣe ti àlùwàlá. Mo wo ọmọ náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo ti àgbá náà ṣubú. Omi ọjọ́ mẹ́ta ṣàn lọ sábẹ́ igi káṣú, mo sì fi àáké lu ìdí àgbá kí ẹnikẹ́ni má bàa tún gbé e pọnmi.

Ojú Àwáwù pọ́n. “Bàbá Mọ́nsúrù, tí kò bá wá sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ńkọ́?”

“A jẹ́ pé omi nìkan la pàdánù.”

Ó wo Àsíátù, ó wo ọmọ. Ó gbé garawa, ó gba ọ̀nà odò lọ.