Ogójì Obìnrin Nínú Kíláàsì

Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹlòmíì ni mo fẹ́ di ẹ̀bi rù.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń gún ẹran ọ̀sìn lábẹ́rẹ́ láti abúlé dé abúlé. Ní gbogbo ọdún yẹn, ọkùnrin là ń pè sípàdé, orúkọ ọkùnrin là ń kọ sílẹ̀, ọkùnrin là ń bi bóyá ara ewúrẹ́ yá. "Ara wọn le koko, Dókítà," ni wọ́n máa ń wí. Baálé ilé kò mọ èyí tó lóyún, kò mọ èyí tí kò jẹun láti àná, torí òun kọ́ ló ń já ewé fún wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti lọ pọnmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo pariwo nínú ìpàdé títí wọ́n fi sọ mí ní Agbẹjọ́rò Ewúrẹ́.

Nígbà tí èsì yóò dé, fọ́ọ̀mù ló dé. Ó ní abúlé yòówù tí a bá ti lọ gún ẹran, a gbọ́dọ̀ dá ogójì obìnrin lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, kí a sì ya fọ́tò wọn. Ogójì ni o, kì í ṣe mọ́kàndínlógójì. Inú mi dùn. Orí mi tilẹ̀ wú díẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa, títí kan èmi aláriwo, tó béèrè pé bí gbogbo obìnrin bá wà nínú kíláàsì, ta ni yóò kó ewúrẹ́ wá síbi abẹ́rẹ́.

Ní abúlé tí mò ń sọ yìí, wọ́n yá wa ní yàrá kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n kan bẹ́ǹṣì ibẹ̀ fún, nítorí náà àwọn ìyálọ́mọ ká jọ sórí rẹ̀, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Láti ojú fèrèsé, a ń rí pápá tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, níbi tí ẹlẹgbẹ́ mi gbé kúlà abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sábẹ́ igi. Ọlọ́wọ́-Fúyẹ́ là ń pè é, torí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dun ẹran. Àwọn ọkùnrin ń kó ewúrẹ́ bọ̀. Àwọn kan ń fà á ní ìwo, àwọn kan ń tì í ní ìdí. Ìyàwó kan nínú kíláàsì rí ọkọ rẹ̀ tí òbúkọ ń wọ́ káàkiri pápá, ó ní, "Ẹ wo baálé mi. Ta ló so ta lókùn báyìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn mìíràn.

Mò ń ṣàlàyé fún wọn ìdí tó fi yẹ kí àwọn èèyàn máa fetí sí obìnrin lórí ìlera ẹran, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dìde.

Gbogbo abúlé ló ń pè é ní Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì o. Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ ń sìn ni wọn yóò tà kó tó lè wọlé bí ọdún bá yí. Àwọn aládùúgbò kàn fi í jẹ oyè sílẹ̀ de ọjọ́ náà ni.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sáré délé," ó ní. "Ewúrẹ́ kan wà tí mo so mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ń húkọ́ láti ìjẹta, ikun ń dà nímú ẹ̀. Ṣe ni mo yà á sọ́tọ̀. Bàbá wọn ò mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún wọn ni?"

"Wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Òní yìí nìkan ni ẹ ní kí wọ́n dá sí i."

Mo mọ ohun tí ikọ́ àti ikun imú lè jẹ́. Bí àrùn tí a tìtorí rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ wá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: ikọ́, ikun, ìgbẹ́ gbuuru, ikú. Ó ń ràn bí iná inú pápá gbígbẹ. Abẹ́rẹ́ wa kì í sì í dáàbò bo ẹran lójú ẹsẹ̀, ó ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó múlẹ̀ nínú ara. Ẹran tó ń húkọ́ kò gbọdọ̀ dé àárín àwọn tí ara wọn dá. Kò sí ohun tuntun fún mi nínú gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n mo wo ìwé ìfọwọ́sí, ogójì géérégé ni wọ́n. Ọ̀gá wa tó fẹ́ wá ya fọ́tò sì ti pè mí lórí fóònù pé òun ti wà lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má kúrò.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìyá," mo ní. "Bí a bá ti ya fọ́tò tán, ẹ máa lọ."

"Dókítà, ẹran yẹn ò gbọdọ̀ jáde o."

"Ọkùnrin tí kì í dá sí ewúrẹ́, ṣé ó máa wá rántí èyí tó wà lẹ́yìnkùlé ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo lè rán ẹnì kan lọ bá a wò ó. Mo lè yọjú lójú fèrèsé kí n ké sí Ọlọ́wọ́-Fúyẹ́, yóò gbọ́ mi. Abúlé kẹrin wa lọ́sẹ̀ náà nìyẹn, ẹsẹ̀ mi wú, ó rẹ̀ mí dé inú egungun, fọ́tò yẹn ni mo sì ń rò ju ewúrẹ́ lọ. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí kan. Obìnrin yìí dìde lẹ́ẹ̀mejì sí i. Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀kẹta, mo fa àga mi sí ẹnu ọ̀nà, mo jókòó dí i. Mo ní atẹ́gùn ni mò ń gbà.

Ọ̀gá dé, ó ní kí wọ́n tò, ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ó ya fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹfà torí ẹnì kan ń ṣẹ́jú. Bó ṣe ní ó tó báyìí ni Ìyá Nọ́ọ̀sì ti sáré jáde. Mo tẹ̀ lé e, mò ń tiro.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí wa lórí pápá. Inú rẹ̀ ń dùn. "Wọ́n ní ká kó gbogbo ewúrẹ́ wá," ó ní, "mo sì kó gbogbo ẹ̀. Kódà èyí tó o gbàgbé sẹ́yìnkùlé, mo tú u." Ó dúró, ó ń retí kí ìyàwó òun kí òun kú iṣẹ́.

Ewúrẹ́ náà wà nídìí bàsíà omi tí gbogbo ẹran abúlé ń mu, ó ti ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ikun ń kán sínú omi. Ẹran bí ọgọ́rùn-ún ló yí i ká. Mo wo Ọlọ́wọ́-Fúyẹ́. Ó ní, "Mo bi bàbá yẹn léèrè o. Ó ní ara wọn le koko."

Ìyá Nọ́ọ̀sì sáré dé ìdí bàsíà. Ó da omi bàsíà nù, ó so okùn mọ́ ẹran náà lọ́rùn, ó sì fà á lọ sílé. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gá rán mi padà sí abúlé náà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun. Ó ní nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n gbà, tiwa ló dáa jù. Mo wọ abúlé, n kò gbọ́ igbe ẹran kankan. Ọgbà ewúrẹ́ ṣófo láti ilé dé ilé, àwọn èèyàn sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ká ní wọ́n lù mí ni, ì bá sàn fún mi.

Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni Ìyá Nọ́ọ̀sì pàdánù. Ọmọ rẹ̀ ti wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan, kó lọ máa bá wọn tọ́jú ọmọ. Àwọn aládùúgbò ṣì ń pè é ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, torí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú oyè bẹ́ẹ̀ padà.

Mo bá a níwájú ilé, ó jókòó sórí àpótí. Mo kúnlẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

"Ẹ dìde, Dókítà," ó ní. "Ẹsẹ̀ yín wú."

"Ìyá, ẹ bú mi."

"Tí mo bá bú yín, ṣé á dún mèéè?" Ó na ọwọ́. "Kí ni ìwé tẹ́ ẹ mú dání yẹn?"

N kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo sọ. Mo ní wọ́n fẹ́ ká tún dá àwọn obìnrin lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ogójì ti ìṣáájú. Mo ní kò pọn dandan kó wá, mo lè wá nǹkan sọ fún Ọ̀gá. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó gbé ìwé lé orí itan rẹ̀, ó sì rọra kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

"Ìyá, mi ò tíì sọ ọjọ́ tó máa jẹ́ fún yín."

"Ọjọ́ tó bá wù yín," ó ní. "Ọwọ́ mi ti dilẹ̀."